Àsùmáù Onígẹ̀ẹ́sì ti Manigri

Ní Manigri títí di òní, bí ènìyàn bá ń fi ohun tí ó mọ̀ ṣe àṣejù, wọn á ní, "Má bá wa ṣe ti Àsùmáù o." Wọn á sì rẹ́rìn-ín. Mo ti gbọ́ ọ lọ́jà, mo ti gbọ́ ọ níbi ìsìnkú, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ tí kò tíì mọ bí a ṣe ń so ṣòkòtò. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé obìnrin kan wà láyé ìjọ́un tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì ta ọkọ rẹ̀ fún Òyìnbó. Obìnrin náà ni ìyá tó bí bàbá mi. Djamilatou ni mí. Èmi ni mo máa ń fi òrí wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ó darúgbó, ẹnu rẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ẹnu ará ọjà. Inú ń bí mi. Mo ti dàgbà tó ẹni tí í fi ọ̀ràn sílẹ̀ fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n èyí kò tíì kúrò nínú mi, n ó sì sọ ọ́ bó ti rí.

Àkọ́kọ́ ná, kò lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí ń fi í ṣẹ̀sín a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó di ẹrù rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó ní òun ń lọ kọ́ èdè. Ọmọbìnrin tí ọmú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni. Ó ru òrí tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà kan lọ́nà Ṣábẹ̀, àwọn ajínigbé sì yọ sí wọn nínú igbó. Ìyá rẹ̀ sá. Kò bá ìyá rẹ̀ wí láéláé pé ó sá; ó ní ẹni tó rí ìbọn tí kò sá ló yẹ kí a bi léèrè. Ọwọ́ kan tà á fún ọwọ́ kejì títí ó fi rí òkun, tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé e gba orí ọ̀sà dé Èkó.

Ní Èkó, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ní kò sí ẹrú mọ́. Nítorí náà wọn kò pe Àsùmáù ní ẹrú, ọmọ ilé ni wọ́n pè é. Ọmọ ilé tí í jí ṣáájú àkùkọ, tí í pọnmi, tí í gúnyán, tí í fọ ìgbẹ́ ọmọ ọlọ́mọ, tí kò sì gbọdọ̀ fi ìdí kan àga. Ìyá Ẹbẹ́nísà ni wọ́n ń pe obìnrin tó nilé. Ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Sàró tí wọ́n sì padà wá sílé ni. Ìyá tó bí i ti wọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ rí. Bí ìyá àgbà mi bá sọ ọ́ dé ibí yìí, yóò ní, "Djamila, ẹni tí a ti so rí ló mọ okùn í yàn." Yóò tutọ́ sílẹ̀, yóò sì ní kí n máa fi ọwọ́ wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, òsì ti tó.

Ìyá Ẹbẹ́nísà fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ tí a bí sílùú Òyìnbó. Ó bẹ Tísà kan lọ́wẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni ó máa ń wá. Tísà yìí ní ẹni tó mọ orúkọ iyọ̀ àti aṣọ lédè Gẹ̀ẹ́sì kò tíì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, pé Gẹ̀ẹ́sì ní ìjìnlẹ̀ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ohun tí ẹnu sọ kì í ṣe ohun tí ọkàn ń rò. Òun ni yóò sọ ọ̀kan, àwọn ọmọ á sọ ọ́ tẹ̀lé e, wọ́n á sì sọ ohun tó túmọ̀ sí. Ẹni tó bá ṣì í, pàṣán. Àsùmáù wà lẹ́yìn àga Ìyá Ẹbẹ́nísà, ó ń fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tó rántí pé ó ní etí.

Òun ló kọ́ mi ní àwọn ọ̀rọ̀ náà lédè wa, mo sì rántí wọn. Bí òjò bá ń rọ̀ gan-an, Gẹ̀ẹ́sì á ní òjò ológbò àti ajá ló ń rọ̀. Bí àṣírí bá tú, wọ́n á ní ẹnìkan tú ológbò sílẹ̀ nínú àpò. Ó ní ohun tí òun kọ́kọ́ bi ara òun ni pé kí ni ológbò náà wá ṣe nínú àpò, ta ló sì kọ́kọ́ kì í síbẹ̀. Wọ́n ní bí a bá fún ọ ní ẹṣin lọ́fẹ̀ẹ́, má ya ẹnu rẹ̀ wò. Ìyẹn ni pé má wá àléébù sára ọrẹ. Èyí bí i nínú. Ó ti ilẹ̀ tí àwọn oníṣòwò obì ń gbà kọjá pẹ̀lú ẹṣin Bọ̀gú, ilẹ̀ àwọn Ìbàrìbá, wá, ó sì mọ̀ pé ẹni tí kò bá wo eyín ẹṣin, òkú ẹṣin ni yóò fà délé.

Èyí tó wá burú jù létí rẹ̀ ni ti korobá. Bí ènìyàn bá kú, Gẹ̀ẹ́sì lè ní ó ta korobá nípàá. Ọjọ́ tí Tísà sọ ọ́, àwọn ọmọ Ìyá Ẹbẹ́nísà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń yí nílẹ̀. Àsùmáù kò rẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ tiwa, ọba a wàjà, àgbà a relé, ọmọ kékeré a ṣaláìsí. Ẹni tí kò gbọ́n rárá kì í fi ikú ọlọ́kú ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí kò mọ ilé tó kàn. Ó ní òun fi abẹ̀bẹ̀ bo ojú òun kí wọ́n má baà rí bí ojú òun ṣe le.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn ọmọ náà ṣì í léraléra, Tísà bá yíjú sí ẹ̀yìn àga, ó fi àwàdà ní, "Ìwọ alábẹ̀bẹ̀, ìwọ ńkọ́?" Àsùmáù mọ̀ ọ́n. Ó gbé abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Tótó ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà." Ó sọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, ó túmọ̀ rẹ̀, kò sì dìde. Ó ń dúró.

Ẹni tí kì í ṣe ará ilé wa lè má mọ ohun tí ó ń dúró dè. Ní Manigri, ọmọdé kò gbọdọ̀ pa òwe lójú àgbà láìtọrọ gáfárà, bí ó bá sì ti tọrọ rẹ̀, àgbà gbọ́dọ̀ dá a lóhùn pé, "Wàá rí òmíràn pa." Àdúrà ni. Kí o pẹ́ láyé, kí ọ̀rọ̀ má tán lẹ́nu rẹ. Bó bá sì jẹ́ pé àgbà ló fi òwe parí ẹjọ́, tí àwọn tó jókòó dáhùn bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ ti parí nìyẹn, kò sí ẹni tí í tún un hú jáde. Mo mọ ẹni tó pàdánù ilẹ̀ bàbá rẹ̀ nítorí pé ó dáhùn.

Ní Èkó, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá Ẹbẹ́nísà gbá a létí, ó ní ta ló ní kó mú àdúrà ará oko wọ inú Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Láti ọjọ́ náà, ìgbàkígbà tó bá kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dá ara rẹ̀ lóhùn nínú, pé, "Àsùmáù, wàá rí òmíràn pa." Bí mo bá rántí èyí, ó máa ń ṣe mí bíi kí n wá ilé náà lọ ní Èkó, kí n sì gbá ẹnìkan létí níbẹ̀, ẹnikẹ́ni tí mo bá bá.

Nígbà tí Ìyá Ẹbẹ́nísà kú, àwọn ọmọ rẹ̀ pín ohun ìní. Èyí àbúrò ní òun ló ni ìkòkò, odó àti Àsùmáù. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kejì, Àsùmáù bá àwọn oníyọ̀ tí ń lọ sí òkè jáde nílùú. Ó ru iyọ̀ wọn dé Ṣábẹ̀, ó sì ti ibẹ̀ dá rìn délé. Ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé. Àwọn méjèèjì kò sọ̀rọ̀ igbó yẹn títí ìyá fi relé.

Daouda ló fẹ́ ẹ. Àgbẹ̀ oníṣu ni, ènìyàn jẹ́ẹ́, tí ebè rẹ̀ máa ń tò bí ẹni pé ó fi okùn wọ̀n ọ́n. Àwọn ọkùnrin mìíràn ń bẹ̀rù obìnrin tó ti dé Èkó. Daouda kò bẹ̀rù. Bí wọ́n bá wà lóko, tí òjò bá ṣú, yóò ní, "Ìyàwó, kí ni Òyìnbó ń pe èyí?" Àsùmáù á ní, "Tótó ó ṣe bí òwe o, ológbò àti ajá ló fẹ́ rọ̀." Daouda á rẹ́rìn-ín títí ọkọ́ á fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á wá dá a lóhùn tọkàntọkàn pé, "Wàá rí òmíràn pa." Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó dá a lóhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ní ó tà á, ṣé ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀?

Ọdún tí àwọn Òyìnbó ń sáré du ilẹ̀ Bọ̀gú mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ni wàhálà dé, Faransé níhìn-ín, Jámánì lọ́hùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì láàárín. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan pàgọ́ sí Bassila tó wà nítòsí wa, pẹ̀lú àwọn sójà dúdú àti àpótí lóríṣiríṣi. Manigri fi iṣu àti adìyẹ ránṣẹ́ sí i, bí a ti í ṣe fún àlejò. Ó jẹ ẹ́. Lẹ́yìn tó jẹ ẹ́ tán ni ó rán àwọn sójà rẹ̀ wá wá ẹni tí yóò ru àpótí.

Daouda ti bẹ ọ̀wẹ̀ ní ọjọ́ náà, àwọn ọkùnrin pé sóko rẹ̀ láti bá a kọ ebè. Àwọn sójà kò nílò láti wá ẹnikẹ́ni kiri, a ti kó ara wa jọ dè wọ́n. Ọ̀pọ̀ sá wọgbó. Wọ́n mú Daouda àti Soulé ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti àwọn mélòó kan, wọ́n fi okùn so wọ́n ní ìbàdí, wọ́n kó wọn lọ sí Bassila. Oúnjẹ tí Àsùmáù gbé lọ fún àwọn ọlọ́wẹ̀, ilẹ̀ oko ni ó gbé e kà. Kò sí ẹni tí yóò jẹ ẹ́.

Ó sáré lọ bá Bàbá Idrissou, ẹ̀gbọ́n bàbá Daouda, tí í ṣe olórí agbo ilé. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, mo gbọ́ èdè rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n lọ bá a sọ̀rọ̀."

"Ìyàwó, obìnrin kì í ṣe ẹnu agbo ilé."

"Ẹ̀yin lẹ ó lọ, Bàbá. Ẹ̀yin ni orí. Ẹnu yín lásán ni n ó jẹ́."

Bàbá Idrissou wò ó. Oyún ti wà nínú Àsùmáù nígbà náà, oyún bàbá mi. Ó ní, "Dìde, ká lọ. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti dákẹ́, kí ìwọ náà dákẹ́."

Abẹ́ igi àràbà lẹ́bàá ọjà Bassila ni wọ́n ti bá Òyìnbó náà, lórí àga rẹ̀ tí ń ká bí ẹní. Àsùmáù rí Daouda níwájú àwọn àpótí, yẹ̀pẹ̀ ebè ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ kí i. Ó kúnlẹ̀ níwájú Òyìnbó, ó tọrọ gáfárà bí wọ́n ti kọ́ ọ nílé, ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé ènìyàn kì í bu ọwọ́ tó ń bọ́ ọ jẹ. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé: a fún ọ níṣu, o wá mú wa. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń retí ìdáhùn.

Òyìnbó la ẹnu sílẹ̀. Ó fò dìde, ó ké sí Òyìnbó kejì nínú àgọ́, ó ní kí obìnrin náà tún un sọ. Ó tún un sọ. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó rò pé kò tíì yé wọn ni, ó bá ní ẹni tó gbọ́n kì í fi ọmọlanke ṣáájú ẹṣin, ìyẹn ni pé ọba ló yẹ kó kọ́kọ́ bi kó tó mú ọmọ ìlú rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní ṣé ó tún mọ òmíràn? Àwọn sójà ti yí wọn ká. Ìyá àgbà mi lórí eékún rẹ̀, pẹ̀lú oyún, ó ń pa gbogbo ohun tó kọ́ lẹ́yìn àga Ìyá Ẹbẹ́nísà, ológbò àti àpò, ẹṣin àti ẹnu rẹ̀, ó ń rò pé bóyá èyí tó kàn ni yóò wọ̀ wọ́n lọ́kàn. Kò sí èyí tí wọn kò gbọ́. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gbọ́! Òyìnbó kejì ń nu omijé ẹ̀rín. Ẹni àkọ́kọ́ na dígí kékeré kan sí i pé kó gbà, ó ṣe dáadáa.

"Ọkọ mi ni mo wá gbà," ni Àsùmáù wí, láìsí òwe.

Nígbà náà ni ojú Òyìnbó bọ̀ sípò. Ó ní òun kò lè rìn láìsí alárù, ṣùgbọ́n kí wọ́n má bẹ̀rù, Bọ̀gú ni òun ń lọ, iṣu tuntun kò ní jáde kí òun tó dá wọn padà. Ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó wá sọ ọ̀kan tirẹ̀. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni okùn tó dè mí." Àsùmáù mọ̀ ọ́n. Tísà ti sọ ọ́ fún wọn rí, ó ní Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀rọ̀ yìí bá ti ẹnu rẹ̀ jáde, ikú ló kù tí yóò dá a dúró. Ó túmọ̀ rẹ̀ fún Bàbá Idrissou bó ṣe gbọ́ ọ.

Bàbá Idrissou ti parí ẹjọ́ ju irun orí rẹ̀ lọ. Ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ni pé olórí kan fi òwe parí ọ̀rọ̀ níwájú àgbà. Ó mi orí, ó ní, "Ẹ ó rí òmíràn pa." Àwọn àgbà tó bá a lọ dáhùn pẹ̀lú. Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. Ẹjọ́ parí. Àsùmáù wo ọkọ rẹ̀, Daouda náà ń mi orí. Ọmọ Manigri ni, ó gbọ́ bí ẹjọ́ ṣe ń parí.

Wọ́n padà sílé, dígí náà wà nílẹ̀ abẹ́ àràbà. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Kì í ṣe obìnrin kan ló dáhùn ní Bassila lọ́jọ́ náà. Àwọn àgbà Manigri ni, àwọn tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ wọn lónìí ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ tí Soulé fi dé, òun nìkan. Ó ní nígbà tí wọ́n dé ọ̀nà Doguè, okùn tú, àwọn sójà ti mutí, igbó sì wà nítòsí. Ó fa Daouda lápá pé kí wọ́n sá. Daouda ní, "Bàbá ti dáhùn. Bí mo bá sá, mo sọ Bàbá di òpùrọ́." Soulé sá, Daouda jókòó. Nígbà tí Soulé ń sọ ọ́, kò lè wo ojú Àsùmáù. Àsùmáù kò bá a wí. Ó ní kó jókòó, kó jẹun.

Iṣu tuntun tó. Ní agbo ilé wa, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fi iṣu tuntun kan ẹnu kí olórí agbo ilé tó tọ́ ọ wò. Bàbá Idrissou kò tọ́ ọ wò. Ó ní Òyìnbó ti pa òwe, Daouda ń bọ̀. Gbogbo adúgbò ń gún iyán tuntun, òórùn rẹ̀ ń wọlé wa, àwa ń jẹ ẹ̀lùbọ́ tó ti ń hu. Àwọn ọmọ ń sunkún. Àwọn ìyàwó ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, wọn kò sì lè kùn sí Bàbá, nítorí náà Àsùmáù ni wọ́n kùn sí. "Gẹ̀ẹ́sì rẹ ló mú un lọ." "Ó lọ ṣeré fún Òyìnbó lórí ọkọ rẹ̀." Ibẹ̀ ni gbólóhùn tí ẹ ń fi ṣẹ̀fẹ̀ títí di òní ti jáde, láti inú ikùn tí ebi ń pa. Ó bí bàbá mi láàárín ìkùnsínú yẹn, kò sì sí ẹni tó gúnyán fún un.

Ọyẹ́ ti dé kí Òyìnbó náà tó padà. Ó gba Manigri kọjá lọ sí ìsàlẹ̀, ó ti rù, àwọn sójà rẹ̀ ti dín. Ó fẹ́ iṣu, ó fẹ́ alárù. Ó jókòó síwájú ilé Bàbá Idrissou, ohun àkọ́kọ́ tó sì bèèrè ni obìnrin olówe rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó rántí ohun dídùn.

Àsùmáù jáde, bàbá mi wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò kúnlẹ̀.

"Ọkọ mi dà?"

Òyìnbó fi ọwọ́ họ irùngbọ̀n. Ó ní, họ́wù, àpótí irin kan wà, àpótí tí òun fi ń wo ìràwọ̀ kí òun mọ ibi tí òun wà, ohun tó níye lórí gan-an. Ọkùnrin náà gbé e sórí nínú odò tó kún, ó yọ̀, omi sì gbé àpótí lọ títí láé. Àpótí ló kọ́kọ́ dárúkọ. Lẹ́yìn náà ló wá ju ọwọ́ nù, ó ní ọkùnrin náà fúnra rẹ̀, ó ta korobá nípàá.

Láàárín gbogbo àwọn tó dúró níbẹ̀, òun nìkan ló yé. Ìyá àgbà mi sọ fún mi pé òun ò kórìíra nǹkan kan láyé òun bí òun ṣe kórìíra pé ó yé òun. Ó gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọmọ Ìyá Ẹbẹ́nísà tí ń yí nílẹ̀. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Òyìnbó rí i pé omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó wá fẹ́ ṣe ojú àánú. Ó tẹ̀ síwájú, ó fún un ní ọ̀kan sí i, bí ẹni tó fún ọmọdé ní àádùn. Ó ní a kì í sunkún wàrà tó ti dà sílẹ̀.

Bàbá Idrissou ní, "Ìyàwó, kí ló wí?"

"Ó ní Daouda kú sómi, Bàbá."

Ariwo sọ. Bàbá Idrissou gbé ọwọ́ sókè, ariwo rọlẹ̀.

"Mo rí i tó tún sọ òmíràn. Kí ni?"

"Ó pa òwe. Ó ní ohun tó bá ti dà ti dà, kí a má sunkún."

Òyìnbó ń wo Bàbá Idrissou, ó ń dúró. Ó ti rántí ti Bassila, ó mọ̀ pé bí òun bá ti sọ irú èyí, àgbà yìí yóò mi orí, yóò sọ nǹkan kan, gbogbo ènìyàn á sì dìde lọ sílé wọn. Bàbá Idrissou wo ilẹ̀. Ó ti dáhùn rí, ìdáhùn náà sì ti pa ọmọ àbúrò rẹ̀. Níkẹyìn ó yí ẹ̀yìn sí Òyìnbó, ó kọjú sí Àsùmáù níwájú gbogbo ilé, ó ní,

"Ìwọ ni kí o dá a lóhùn."

Obìnrin tí ń tọrọ gáfárà kó tó la ẹnu láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i! Bàbá Idrissou bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ipò àgbà sílẹ̀ fún un. Àsùmáù nu ojú rẹ̀. Ó wo Òyìnbó náà láti orí dé ẹsẹ̀, kò sì fi Gẹ̀ẹ́sì kankan sí i.

"O ò ní rí òmíràn pa."

Ẹ̀rù ba gbogbo agbo ilé. Wọn kì í sọ bẹ́ẹ̀ sí ọ̀tá. Àwọn àgbà kan tilẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Òyìnbó nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dùn létí, òwe wọn ni, àbí? Ó ní òun fẹ́ kọ́ ọ.

Àsùmáù ní kò burú. Ó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kò kọ́ ọ bí yóò ṣe sọ ọ́ sí ẹlòmíràn, bí yóò ṣe sọ ọ́ sí ara rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ó ní, "N ò ní rí òmíràn pa." Òyìnbó sọ ọ́ tẹ̀lé e. Ó ṣì í, Àsùmáù tún un ṣe, pẹ̀lú sùúrù, bí Tísà, àfi pàṣán. Nígbà tó mọ́ ọn lẹ́nu dáadáa, ó bèèrè ohun tó túmọ̀ sí.

Ìyá àgbà mi ní òun ti fi gbogbo ìgbà èwe òun túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn. Ó wọlé lọ, ó lọ fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú.

Àwọn sójà kó iṣu wa, wọ́n fi ìbọn kó o. Àwọn ọkùnrin ti wọgbó, wọn kò rí alárù kankan. Òyìnbó gun ẹṣin rẹ̀ tó ti rù, ó kọjú sí ọ̀nà ìsàlẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn sí ohun tuntun tó mọ̀. Gbogbo ẹni tó bá pàdé lójú ọ̀nà ló ń gbé ọwọ́ sókè sí, obìnrin tó ru igi, àgbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé, ó ń sọ fún wọn ní Yorùbá tó dá ṣáká pé, "N ò ní rí òmíràn pa. N ò ní rí òmíràn pa." Wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀ títí igbó fi bò ó. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn.